Ẹ Má Pa Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́

"Ta ló kó ọsàn méjì sáyà obìnrin yìí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọmọ́tárá bá mi sọ láyé nìyẹn. Kò tíì ní kí n jókòó. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń wo fọ́tò Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ tí mo mú wá hàn án, ó lejú koko.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò dá a mọ̀ ni? Adéníran ni o, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin! Ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin ló ń ṣe nínú eré wa. Ọsàn yẹn gan-an ló ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín."

"Mo rí i pé Adéníran ni," ó wí. "Ẹni tí Adéníran ń ṣe ni mò ń béèrè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Malachi lorúkọ mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Èrúwà. Èmi náà ni mò ń kọ eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí a pè ní Agboolé Ajélówó. Ní Igbó-Ọrà la ti ń yà á ní gbogbo Sátidé, wọ́n á sì gbé e jáde ní aago méje ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni gbajúmọ̀ inú rẹ̀, èmi ni mo dá a. Tó bá ti yọ, tó ń ju ìdí kiri, tí ìró ń tú lára rẹ̀, gbogbo ilé á máa yí gbiri. Èmi á jókòó láàárín wọn, orí mi á máa wú.

Télọ̀ tó ń ránṣọ fún wa ló kó lọ sí Ìbàdàn, ni wọ́n bá júwe ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́tárá nítòsí gáréèjì fún mi. Wọ́n ní kò tíì pé ọdún méjì tó dé Èrúwà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká.

Ó fa àga kan fún mi. "Ẹ jókòó, tíṣà. Obìnrin yìí, kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ? Ṣé ìyá ẹ̀ ṣì wà láyé?"

Odindi ọdún kan ni mo ti ń kọ Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ó ní ìyá.

"Ẹni tó wù láti ró ìró tó bẹ́ẹ̀," Ọmọ́tárá ń bá a lọ, "tí gbogbo àdúgbò ń tìtorí ẹ̀ bú u, ṣé ẹ rò pé kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń ró o? Á ti dúró níwájú dígí títí ẹsẹ̀ á fi wú. Onítọ̀hún á ró ìró ju ìyá tó bí yín lọ. Ẹ má bínú o."

Mi ò bínú. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó dúdú, ó ń dán, ojú àpá tín-ín-rín kan wà lókè ìpéǹpéjú òsì rẹ̀. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò rántí iye tí ó ní aṣọ náà máa jẹ́, àpá yẹn nìkan ni mo rántí.

Ó rán aṣọ náà. Adéníran wọ̀ ọ́, ó dúró sójú kan, ó na ẹ̀yìn. Ó ní, "Tíṣà, aṣọ yìí ò jẹ́ kí n lè ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́." Lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ rìn bí èèyàn níwájú kámẹ́rà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí lọ sí gáréèjì nìyẹn. Lónìí bọ́tìnnì ẹ̀wù mi já, lọ́la ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi ya. Irọ́ ni o! Bọ́tìnnì mi kì í já, èmi ni mò ń já a. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ọmọ́tárá wo okùn ara bọ́tìnnì náà, ó wò mí.

"Tíṣà, eyín lẹ fi gé eléyìí."

"Èmi kẹ̀?"

"Tó bá jẹ́ pé èmi lẹ fẹ́ wá wò, ẹ wá wò mí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wù sinmi."

Láti ọjọ́ náà la ti gé "ẹ" kúrò lẹ́nu ara wa. Mo di Tíṣà mi, òun di Adúmáadán mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá ń kọ nǹkan sójú pátákó níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín.

Ó ní ìwà méjì tí kò yé mi. Èkíní, méjì méjì ló ń rán gbogbo aṣọ Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Á fún wa ní ọ̀kan, á gbé èkejì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bi í, ó ní, "Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn." Èkejì, kò jẹ́ bá mi dé Igbó-Ọrà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá wo bí a ṣe ń ya eré, ó kọ̀ jálẹ̀.

Kò sì sí eré tó ní irú Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ nínú tí kò tíì wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi áyọ́ọ̀nù na aṣọ, ó kàn ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Èyí tí mo wò ní Kútọnu, inú odò ni wọ́n jù ú sí. Òmíràn, ààrá ló pa á. Èyí tí pásítọ̀ lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ẹ̀, mo rò pé ìyẹn á yè, ó kú náà. Malachi, tí wọn ò bá fi irú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa wọ́n. Mi ò tíì rí ọ̀kan tó jí lọ́jọ́ kejì, kó lọ ra búrẹ́dì."

Mo ní, "Ó ti mọ́ wa lára bẹ́ẹ̀ ni. Eré ṣáà ni."

Ó ń na aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìyá mi, Rebecca, fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń gba obìnrin wọlé láìmọ ilé tó ti wá. Ó ní, "Ọmọ náà dáa, ó mọ̀ ọ́n kí. Àwọn ta ló ni ín? Ìlú wo la máa lọ kàn?" Mo gbé ìbéèrè náà lọ fún Ọmọ́tárá. Ó ní wọ́n ti kú. Mo ní gbogbo wọn? Ó ní gbogbo wọn.

Ní Sátidé kan, mo jáde láti ibi tí a ti ń ya eré ní Igbó-Ọrà, mo na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan. Ọkùnrin náà dúró, ó ṣí akoto.

Ẹ gbà mí o! Ojú Ọmọ́tárá ni. Ojú Ọmọ́tárá pẹ̀lú irùngbọ̀n, imú kan náà, ọrùn kan náà. Àpá nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní àbúrò obìnrin ní Èrúwà?"

"Rárá o. Ìbejì ni mí, Táíwò Obadiah. Kẹ́hìndé mi ti kú, ó di ọdún méjìlá. Ọkùnrin bíi tèmi ni." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Igbó-Ọrà, ta ni kò ní ìbejì nílé?

Mi ò mọ ohun tó tì mí. Mo ní mo fẹ́ kí ìyá rẹ̀, pé tíṣà tó ń kọ eré orí tẹlifíṣọ̀n ni mí. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé mi lọ.

Keturah lorúkọ ìyá náà, Ìyá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń bù lọ́wọ́. Ó bu ẹ̀wà sí àwo méjì, epo lórí méjèèjì. Ó gbé ọ̀kan fún Obadiah, ó gbé èkejì síwájú àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọláńgidi oníke kan ló jókòó sórí àga náà, ó wọ dàńṣíkí kékeré tí wọ́n gé lára aṣọ tí Obadiah wọ̀. Nígbà tí Obadiah jẹun tán, ìyá náà pe àwọn ọmọ àdúgbò, ó da ẹ̀wà inú àwo kejì sọ́wọ́ wọn.

"Ti Kẹ́hìndé nìyẹn," ó sọ fún mi. "Ọmọ ìjọ Ọlọ́run ni mí, tíṣà, mi ò bọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò lè bù fún ọ̀kan kí n má bù fún èkejì. Ọ̀nà Kútọnu ni mọ́tò ti pa á. Ibẹ̀ ni bàbá wọn lọ sin ín sí, mi ò fojú kan sàréè ẹ̀. Ìgbà tó wà ní kékeré ló ṣubú lu odó, ó fi bẹ́ ojú." Ó fọwọ́ kan òkè ìpéǹpéjú rẹ̀, lápá òsì.

Mo dìde, mo dágbére.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní pírámárì márùn-ún, ṣùgbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi, mo mọ ìtàn àkúdàáyà. Ẹni tó kú sí ìlú kan, tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní olólùfẹ́, títí ará ilé kan fi rí i. Lọ́jọ́ náà ló máa pòórá. Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, lórí ọ̀kadà, ìtàn yẹn ni mò ń rò.

Mo bá a nídìí ẹ̀rọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbóná.

"Ọmọ́tárá, ṣé èèyàn ni ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lónìí, kí lo mu?"

"Mo rí Obadiah."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó pa dà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n bí wa, ọkùnrin méjì ni wọ́n pè wá," ó wí. "Èmi mọ̀ pé obìnrin ni mí, láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, Malachi. Kò sí ẹ̀mí èṣù níbẹ̀, kò sí ààrá. Mo pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bàbá mi bá aṣọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó dáná sun ún, ó lé mi. Mo lọ sí Kútọnu. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo pe ilé, pé kí n gbóhùn ìyá mi. Bàbá mi ló gbé e. Ó ní, 'Kẹ́hìndé ti kú níbí, a ti ṣe àdúrà rẹ̀. Sọ fún òkú yẹn kó má pe ilé yìí mọ́.'"

Ó mú sísọ́ọ̀sì náà nílẹ̀, ó pa á dé.

"Mo gbà pé mo kú. Nígbà tí mo gbọ́ pé bàbá náà ti kú, mo wá sí Èrúwà. Ibi tí mo lè sún mọ́ ìyá mi dé láìwọlé nìyí. Ó ti bá mi ṣọ̀fọ̀ tán, kí ni mo tún fẹ́ lọ bá a sọ?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Mo ro ìyá mi, mo ro ìjọ wa, mo ro ọ̀gá ilé ìwé mi. Mo ro gbogbo ẹ̀rín tí mo ti fi Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ rín, ojú tì mí. Mo jókòó tì í, mo tún mú ọwọ́ rẹ̀, mo wá ìfẹ́ náà wò bóyá ó ti lọ. Ó wà níbẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," mo wí. "Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Má ṣèlérí ìgbéyàwó fún mi o. Mo mọ ibi tí a wà. Nǹkan kan ni kí o ṣe fún mi." Ó gbójú sókè. "Ìparí eré yẹn, má pa á. Jẹ́ kí n rí ẹyọ kan tó yè."

Mo búra fún un. Mo kọ ìparí náà lójú rẹ̀: Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jí láàárọ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ ra búrẹ́dì, ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ́tárá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan rán aṣọ náà, léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Méjì, bí ìṣe rẹ̀.

Fàtáì ni olùdarí wa. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ní Sátidé, ó ka ìwé mi tán níwájú gbogbo òṣèré, ó jù ú sílẹ̀.

"Búrẹ́dì? Malachi, orí ẹ pé? Gbogbo ayé ti ń retí bí wọ́n ṣe máa mú un! Ará àdúgbò á ya bò ó, wọ́n á lù ú pa, bàbá ẹ̀ á kọ̀ ọ́. Ó parí."

"Ẹ jẹ́ kó yè, ọ̀gá."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ló pa ìwọ àti irú wọn pọ̀? Àbí o ti ní ọ̀kan nílé ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró de ohun tí màá sọ.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo gba bírò, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo tún ìparí náà kọ bí Fàtáì ṣe fẹ́, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tí bàbá Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ máa sọ, mi ò rí èyí tó dáa tó. Àfi ẹyọ kan tó ti wà lọ́kàn mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí. Ó dùn létí ni.

Adéníran nìkan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tíṣà, ṣé bó ṣe yẹ nìyí?" Mo ń wo bàtà mi.

Mi ò sọ fún Ọmọ́tárá. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó ti pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ra búrẹ́dì ńlá méjì. Ó gé e, ó pín in yí ká, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà mi, wá jókòó," ó wí, inú rẹ̀ dùn. "Wọn ò mọ̀ pé mo mọ ìparí."

A wò ó. Wọ́n fa Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jáde. Wọ́n di léèsì náà mú lọ́rùn, ó ya títí dé ìdí. Àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó jẹ́ pé Ọmọ́tárá ló ń ránṣọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo, "Ẹ lù ú dáadáa!" Bàbá náà wá yọ, ó dúró lórí òkú, ó ní, "Ọmọ mi ti kú tipẹ́, a ti ṣe àdúrà rẹ̀. Ẹ sọ fún òkú yìí kó má pe ilé wa mọ́."

Ọmọ́tárá ò wò mí. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé búrẹ́dì sí i fún obìnrin náà. "Ẹ jẹun, Ìyá Àmírà. Ó ṣì kù."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ní, "Fàtáì ló ní kí…"

"Fàtáì ò mọ ohun tí bàbá mi sọ." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Èèyàn kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún láyé. Máa lọ sílé, Malachi."

"Ìfẹ́ mi, jọ̀ọ́."

"Máa lọ. Ọ̀la ni iṣẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run lára ìkọ́ ẹnu ọ̀nà mi, èyí tí kò ya. Mo sáré dé gáréèjì. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, ẹ̀rọ ìránṣọ ti lọ, òwú díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ò rí i, kò sẹ́ni tó rí i. Ó pòórá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe bẹ̀rù, èmi ni mo sì lé e.

Fún oṣù kan, ọkàn mi ò balẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá ń bọ̀, mo máa ń rò pé ojú rẹ̀ ló ń bọ̀ lábẹ́ akoto náà. Nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ ni lóòótọ́, Obadiah á juwọ́ sí mi, á kọjá.

Mo sọ òótọ́ fún ìyá mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó ní, "Mi ò mọ ohun tí n óò sọ sí i. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbì kan tó ń sunkún ọmọ tí kò kú. Kí lò ń dúró dè?"

Mo gbé léèsì náà, mo lọ bá Keturah. Mo kúnlẹ̀, ọkùnrin bíi tèmi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obadiah bọ́ síta, mo gbọ́ tó ń sunkún lẹ́yìn ilé.

Ìyá náà gba aṣọ náà, ó yí etí rẹ̀ wò, ó fi ìka tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ojú abẹ́rẹ́ yìí," ó wí. "Ọmọ ọdún méje, gèlè mi ló máa ń wé kiri ilé. Ṣé ẹ rò pé mi ò rí i? Mo rí i. Bàbá ẹ̀ ni mo bẹ̀rù." Ó wò mí. "Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń jẹun, mà."

Ó gbé ọmọláńgidi náà kalẹ̀, ó bọ́ dàńṣíkí lára rẹ̀. Ó gé etí ìró tó ró sídìí, ó ró o mọ́ ọn.

Mo wá lọ bá Fàtáì. Mo ní Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ò kú, wọ́n kàn rò pé ó kú ni, ilé ìwòsàn ló wà. Ó ní mo ya wèrè. Mo ní tí kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó wá ẹlòmíràn tó máa kọ ọ́. Adéníran ní òun náà ò ní ṣe ohun mìíràn. Fàtáì bínú títí, ó sì gbà.

"Ṣé o ti ní ọ̀kan nílé lóòótọ́ ni?" ó tún bi mí.

"Mo ní in," mo wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ nù." Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ilé Keturah la ti wo apá tuntun náà, èmi, òun àti Obadiah. Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jí. Ó dúró níwájú dígí, ó ró léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Keturah yá wa dáadáa, ó jáde, ó ra búrẹ́dì. Ẹnikẹ́ni ò nà án. Ó kí àwọn aládùúgbò, ó forí lé ilé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni orin ìparí ti wọlé.

Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó gé. Kò gbé nọ́ńbà jáde, n kò lè pè é pa dà.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlélógún rèé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí orin bá ti wọlé, á dún lẹ́ẹ̀kan, á gé. Àwọn èèyàn ní eré náà ti ń fà jù, pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí Sísí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ mọ́ ju pé ó ń ránṣọ, ó ń jẹun, ó ń bá aládùúgbò jà nítorí omi. Wọ́n ń bi mí ìgbà tó máa parí. Mi ò lè parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Keturah ò bi mí ta ló pè. Àwọn ọmọ àdúgbò ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dúró de ẹ̀wà wọn. Ó bù fún wọn láti inú ìkòkò. Ó wá mú àwo kejì níwájú àga, ó fi ọmọrí dé e, ó gbé e pamọ́ de ẹni tó ni ín.